Sìlífátù àti Pákó Tó Ń Yọkùn

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni Sìlífátù.

Ọdún 1991 ni mò ń sọ. Apòmù ló ń gbé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lẹ́bàá sọ́mìlì, lọ́nà Ìkirè. Ìkirè ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ń dáko kòkó. Ìyá rẹ̀ ń din dòdò tà fún àwọn tó ń kọjá nínú mọ́tò, òun náà sì bá a tà á kó tó lọ sílé ọkọ. Ó kàwé dé kíláàsì kẹrin. Bàbá rẹ̀ ní ó tó. Òun náà ní ó tó. N kò gbọ́ kó ráhùn rí.

Ó kúrú, ó ki. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ tó ti gbó ló máa ń wọ̀ lé bùbá bó bá ń ṣiṣẹ́. Á so gèlè rẹ̀ le, kí etí rẹ̀ má baà já sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń fi maṣíìnì bá àwa gbẹ́nàgbẹ́nà fá pákó. Ìka rẹ̀ pé mẹ́wàá. Ẹni tó bá mọ maṣíìnì ìfági mọ̀ pé ìyẹn tó oríyìn. Tèmi ò pé.

Bó ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà nìyí. Sàídì ọkọ rẹ̀ ra maṣíìnì yìí ní Ìbàdàn lọ́dún 1983. Àlòkù ni. Bí pákó bá gùn, ẹni méjì ló máa ń fá a: ẹnì kan á máa tì í láti iwájú, ẹnì kan á máa gbà á lẹ́yìn. Sàídì ò fẹ́ gba ọmọ iṣẹ́. Ó ní ọmọ iṣẹ́ a máa tòògbé, maṣíìnì kì í tòògbé. Ìyàwó rẹ̀ ló mú wá. Ọdún mẹ́fà ni Sìlífátù fi dúró lẹ́yìn maṣíìnì yẹn, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gba pákó. Àwọn èèyàn fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn.

Ìparí ọdún 1989 ni Sàídì kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ni. Níbi fìdáù rẹ̀, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ dídùn púpọ̀. Wọ́n ní òpó ilé ni, wọ́n ní ìràwọ̀ ni. Mo jókòó, mo ń wo Sìlífátù. Kò sí ẹnì kan tó bi í pé kí ni yóò máa jẹ.

Ó ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ kejì tó pé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó gbálẹ̀, ó kúrò lẹ́yìn maṣíìnì, ó wá síwájú. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń ti pákó. Ẹni tó bá gbé pákó wá ni yóò fúnra rẹ̀ gbà á lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí maṣíìnì náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Tábìlì irin méjì ni, wọ́n gùn, wọn ò fẹ̀. Ọ̀kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn. Láàrin wọn ni irin róbótó kan ti ń yí, abẹ mẹ́ta sì wà lára rẹ̀. Tábìlì ẹ̀yìn àti ẹnu abẹ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tábìlì iwájú á relẹ̀ díẹ̀. Bó bá ṣe relẹ̀ tó ni abẹ ṣe máa jẹ igi tó. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà bó ṣe yẹ, pákó tó wọ́ yóò jáde ní títọ́ bí okùn tí a fà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1991, abẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ tán. Sìlífátù wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó ra tuntun. Ó tú ti àtijọ́, ó de tuntun mọ́ ọn. Abẹ tuntun yọ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀. Ó wá tú ìdè tábìlì ẹ̀yìn, ó tì í gòkè lórí ìjókòó rẹ̀ tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó lè bá abẹ dọ́gba, ó sì dè é padà. Láti ìgbà tí Sàídì ti ra maṣíìnì náà, kò sí ẹni tó sún tábìlì ẹ̀yìn yẹn rí.

Lọ́jọ́ kejì ni Adépọ̀jù gbé pákó wá. Adépọ̀jù ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Òun ni wọ́n gbé ìlẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí tuntun fún. Pákó ọ̀gànwó mẹ́jọ ni, ó sì fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀gbẹ́ wọn pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó bá máa gba gọ́ọ̀mù ò gbọdọ̀ ní àlàfo rárá. Àlàfo tí irun lè wọ̀, òjò á wọ̀ ọ́.

Sìlífátù fá mẹ́rin. Adépọ̀jù fi ẹ̀gbẹ́ méjì kan ara wọn, ó gbé wọn sókè sí oòrùn. Àárín pàdé. Orí ò pàdé, ìdí ò pàdé. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá.

"Ìyá Mùkáílà, ẹ wá wo nǹkan," ó ké sí Sìlífátù.

Ó wá wò ó. Ó di ojú kan, ó fi ìkejì wò ó.

"Ó yọkùn," ó ní.

"Bí aláboyún."

"Gbé e wá."

Ó tún un fá. Ó tún yọkùn. Ó fá a lẹ́ẹ̀kẹta, Adépọ̀jù gba pákó náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ìyá Mùkáílà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kù. Mi ò lè fi igi ìtayín ṣe ìlẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹni mẹ́rin mìíràn ti rí irú rẹ̀. Ní ìsọ̀ wa, ọ̀rọ̀ di yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan á bi ẹnì kejì pé, "Níbo lò ń gbé pákó lọ?" Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù Sìlífátù." "Bó bá bí i, pè wá síkómọ." Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pákó wọn lọ sí Gbọ̀ngán.

Yẹ̀yẹ́ ò pa á lára. Gàrúbà ló kù. Gàrúbà ni ẹ̀gbọ́n Sàídì, òun ni olórí ẹbí, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ maṣíìnì wà. Ó ti gbà pé kí ìyàwó àbúrò òun máa lò ó títí Mùkáílà ọmọ rẹ̀, tó wà nílé ìwé ní Ìbàdàn, yóò fi dàgbà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ní Gbọ̀ngán ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún tó kọjá pé kó ta maṣíìnì náà fún òun. Gàrúbà kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò kàn fẹ́ kí nǹkan jókòó lásán ni. Bó bá rí ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀, á fẹ́ kó dìde.

Ọjọ́ Àtàlátà ló wá.

"Ìyàwó, wọ́n ní maṣíìnì ò gbọ́ tìẹ mọ́."

Ó kúnlẹ̀ kí i. "Ó ń gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Nǹkan ló ṣe é."

"Kí ló ṣe é?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Mo ti ránṣẹ́ sí ọkùnrin Gbọ̀ngán. Ọ̀sán Sátidé ló ń bọ̀. Bí maṣíìnì bá ti dára kó tó dé, ó dára. Bí ò bá dára, á gbé e lọ. Má bínú sí mi. Irin tí ò ṣiṣẹ́, ìpàǹtí ni."

"Mo ti gbọ́."

Ó lọ. Sìlífátù dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lórúnkún. Bí wọ́n bá tà á, ìdí agbada dòdò ló kù fún un. Kò sí ohun tó burú nínú dòdò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ fá ìrókò kò ní fẹ́ máa sáré tẹ̀lé mọ́tò mọ́.

Abẹ ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí abẹ ni tuntun. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó fi igi kékeré kan tó tọ́ sórí tábìlì ẹ̀yìn, ó jẹ́ kí orí rẹ̀ yọ sórí abẹ, ó wá ń fọwọ́ yí irin róbótó náà díẹ̀díẹ̀. Abẹ kìíní kan igi náà, ó wọ́ ọ síwájú ní ìwọ̀n ìbú ìka ọmọńdinrín. Ó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i. Abẹ kejì wọ́ ọ dé ibi àmì náà gan-an. Ẹ̀kẹta náà dé ibẹ̀. Ó ṣe é lápá ọ̀tún, ó ṣe é lápá òsì. Kò yàtọ̀.

"Abẹ kọ́," ó ní. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ àfi èmi tí mo wá gba pákó mi tí kò tíì fá.

Ọjọ́ Àlàrùba ni Ògúnṣẹ̀san dé. Òun ni olórí ẹgbẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà wa. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà yẹn. Àwa mẹ́ta ló tẹ̀lé e.

"Ìyá Mùkáílà," ó ní, "ọwọ́ rẹ ni. Ọwọ́ obìnrin rọ̀. Pákó ń fẹ́ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Bàbá, ẹ bọ́ síbí, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀. Ó ti pákó méjì, ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ débi pé ẹ́ńjìnnì ń kérora. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. A gbé wọn sí oòrùn. Ikùn wọn tóbi ju ti Sìlífátù lọ. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín níwájú àgbà. Sìlífátù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Tiyín pọ̀, Bàbá. Ìbejì nìyí."

Ògúnṣẹ̀san gan-an rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú. Ó ní, "Kò burú. Ọwọ́ kọ́."

Ọ̀kan nínú wa ní bóyá Sàídì ló ń bínú.

"Sàídì ò bínú," obìnrin náà ní. "Bó bá ń bínú, ó mọ̀nà ilé. Kò ní í lọ bá pákó Adépọ̀jù."

Ògúnṣẹ̀san wá ní, "Ó lè jẹ́ epo ló ń bèèrè. A ò tíì ta epo fún un lọ́dún yìí."

Ohun tó ń sọ nìyí. Gbogbo àwa tí irin ń bọ́ ní Apòmù, bí iṣu tuntun bá jáde, a máa ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, a máa ta epo pupa fún ohunkóhun tó bá ní abẹ. Mùsùlùmí wà nínú wa, Kìrìsítẹ́nì wà. Kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́. Sàídì nígbà ayé rẹ̀ kì í sọ pé rárá. Á kàn bọ́ síta, á lọ ra obì, á padà wá nígbà tí a bá ti ṣe tán. Ìparí tábìlì ẹ̀yìn la máa ń ta á sí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń jáde. A fẹ́ kó máa jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Iwájú ò ṣeé ta á sí, ẹsẹ̀ ẹni tó ń ti pákó á yọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ra epo wá. Ògúnṣẹ̀san ta á síbi tí a máa ń ta á sí. Sìlífátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò lọ ra obì. Ó ń wò wá. A fá pákó kan. Ó yọkùn. A lọ sílé.

Àárọ̀ Àlàmísì, ó ránṣẹ́ pe Ògúnṣẹ̀san. Èmi náà tẹ̀lé e, torí mo fẹ́ mọ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi ti ọ̀kan. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá. Èmi á gbà á lẹ́yìn."

Ó lọ sí ẹ̀yìn maṣíìnì. Kò tíì dúró síbẹ̀ láti ọjọ́ tí Sàídì ti kú. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ fún pákó bó ṣe máa ń ṣe. Ògúnṣẹ̀san tì í. Pákó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé ìdajì.

"Ẹ dúró. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ pa á."

Ẹ́ńjìnnì dákẹ́.

"Ó ń gòkè," ó ní.

"Kí ló ń gòkè?"

"Pákó. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gba pákó níbí. Jẹ́jẹ́ ló máa ń wọ́ wá sọ́wọ́ mi, kì í gbé ọwọ́ mi. Èyí ń gbé ọwọ́ mi sókè. Òkè ni tábìlì yìí ń gùn, Bàbá."

Ògúnṣẹ̀san wo tábìlì. Èmi náà wò ó. Ojú wa ò rí nǹkan kan.

Irin gbọọrọ kan wà tí Sàídì fi kọ́ sára ògiri. Títọ́ ni. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi lu nǹkan rí. Sìlífátù mú un wálẹ̀, ó nù ún. Ó gbé tábìlì iwájú sókè kó bá ti ẹ̀yìn dọ́gba, ó wá fi irin náà dábùú tábìlì méjèèjì. Ó kan iwájú. Ó kan ìparí ẹ̀yìn. Láàrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ, kò kan nǹkan kan. Ó ya páálí sìgá, ó fi bọ abẹ́ irin náà. Ó wọlé. Ó ya òmíràn lé e. Ìyẹn náà wọlé.

"Ẹ wò ó," ó ní.

A mú sípánà. Èmi, Ògúnṣẹ̀san, Adépọ̀jù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àti òun, àwa mẹ́rin la gbé tábìlì ẹ̀yìn kúrò, a dojú rẹ̀ dé. A wo ibi tó máa ń jókòó lé lára maṣíìnì.

Ní apá iwájú, irin ń dán. Ní ìparí ẹ̀yìn, nǹkan dúdú kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó fẹ̀ tó ìdajì àtẹ́lẹwọ́, ó nípọn bí èékánná, ó le bí ọ̀dà títì. Epo tútù díẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

Ògúnṣẹ̀san fi ìka kàn án. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Epo ni," ó ní.

Ó nu ìka náà mọ́ ẹ̀wù rẹ̀.

"Epo wa ni," ó tún ní.

Ó yé gbogbo wa. Ọdún mẹ́jọ la fi ń ta á. Epo ń ṣàn gba etí tábìlì wọ abẹ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun igi ń bá a níbẹ̀, wọ́n ń gan pọ̀. Nígbà tí tábìlì ò kúrò lójú kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ìdọ̀tí yẹn jókòó sí, kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ìgbà tí Sìlífátù sún un nítorí abẹ tuntun ni ìdí tábìlì gun orí rẹ̀. Bí ìdí ti gbéra, pákó ń gbéra. Bí pákó ti ń gbéra, abẹ ò jẹ àárín tó bó ṣe jẹ orí àti ìdí. Ìyẹn ni ikùn.

Mo wo ẹsẹ̀ ara mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni èmi ni mo gbé ìgò epo yẹn.

Mo rò pé Sìlífátù yóò bá wa wí. Bí èmi ni, mo máa sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi wá kẹrosíìnì."

A fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́, a fi ọ̀bẹ ha á, a fi àkísà nù ún. Ògúnṣẹ̀san ló ha á jù. Nígbà tí irin náà funfun, a gbé tábìlì padà, Sìlífátù dè é, ó tún gbé irin gbọọrọ lé e. Páálí sìgá ò rọ́nà wọlé níbì kankan.

Ó fá méjì nínú ọ̀gànwó Adépọ̀jù. Adépọ̀jù kàn wọ́n pọ̀, ó gbé wọn sí oòrùn. Ó yí wọn padà, ó tún gbé wọn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá gbé wọn kalẹ̀.

"Ó ti sọ̀ kalẹ̀," ó ní.

"Kí ló bí?" Ògúnṣẹ̀san ní.

"Ìlẹ̀kùn."

Sátidé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Gàrúbà mú ọkùnrin Gbọ̀ngán wá. Ẹni mẹ́fà ló ti tò pẹ̀lú pákó wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́. Ó fọwọ́ pa tábìlì, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó gba pákó kan lẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó gbé e sójú.

"Irú èyí ni mo ti ń wá," ó ní.

Gàrúbà wo àwọn tó tò. Ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Kí ló ṣe é níjọ́ sí?"

"Ìdọ̀tí ni, Ẹ̀gbọ́n. A ti nù ún."

Sìlífátù fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ síbẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ògúnṣẹ̀san wúkọ́. Ó ní, "Epo wa ni, Gàrúbà. Àwa la ta á sí i. Obìnrin yìí ló rí i. Àwa ò rí i."

Gàrúbà mi orí. Ó yíjú padà. "Ọ̀gá," ó sọ fún ọkùnrin Gbọ̀ngán, "ẹ má bínú. Kò sí fún títà. Ọwọ́ ìyá Mùkáílà ló máa wà."

"Kí lẹ wá ní kí n wá ṣe?"

"Kẹ́ ẹ lè rí i."

Ọkùnrin náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà á. Ó ní kò burú, òun ní pákó ìrókò mẹ́wàá nílé, ṣé òun lè kó wọn wá lọ́jọ́ Ajé.

"Ẹ tò sẹ́yìn Adépọ̀jù," Sìlífátù ní.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ògúnṣẹ̀san bi í léèrè epo. Ó ní ọdún ń bọ̀, iṣu tuntun á jáde, báwo la ṣe máa ṣe é.

"Ẹ máa ta á sílẹ̀, Bàbá. Ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, níta."

Ògúnṣẹ̀san rò ó. Ó ní ilẹ̀ náà dára. Ilẹ̀ la ti ń ta á títí di òní.

Ìlẹ̀kùn Adépọ̀jù ṣì wà ní mọ́ṣáláṣí yẹn. N kò mọ ọ̀rọ̀ tí n óò fi yìn ín. Ẹ lọ fi èékánná wá ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé náà, Sìlífátù ti ṣọ́ọ̀bù, ó wẹ̀, ó kírun Màgàríbà. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ló jẹ, pẹ̀lú ẹja méjì láti odò Aséjìrè.